Ọ̀já Ìyá Wa Tí Ó Di Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ìgbà yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ kan tí kò sí abiyamọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀já ni. Àwọn kan nínú wa ṣì ní in ní ìsàlẹ̀ àpótí. Àwọn mìíràn ti fi di ẹrù nígbà tí wọ́n ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé ìtajà ohun èlò ọmọ ní ìlú yìí, ẹ ó rí àwọn ìbátan ọ̀já náà tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri, tí wọ́n lẹ iye owó mọ́: aṣọ gígùn tí à ń lọ́ mọ́ra, aṣọ olórùka, àti àpò tí à ń fi ìkọ́ ike há mọ́ ìbàdí. Wọ́n ní ohun tuntun ni. Mo fẹ́ kí a jọ tọ ipa ọ̀nà tí ọ̀já gbà dé orí àtẹ òyìnbó, kí a sì wo ohun tí ó já bọ́ lójú ọ̀nà náà.

Bí ọ̀já ti rí ní ilé

Ní ilé, a kì í kọ́ pípọnmọ nínú ìwé. Ọmọbìnrin kékeré yóò pọn ọmọlangidi tàbí ìrọ̀rí, nígbà tí ó bá tó díẹ̀ yóò pọn àbúrò, nígbà tí ó bá yá yóò pọn ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣàdúrà fún ìyàwó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń dárúkọ, a ó ní ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní.

Nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é. Ìyá yóò bẹ̀rẹ̀, yóò gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọmọ yóò gbá ìbàdí ìyá mú lọ́tùn-ún lósì. Yóò fa ìró bò ó, yóò kó etí ìró náà jọ sí òkè ọmú, yóò sì kì í bọ inú. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ọ̀já, aṣọ tóóró tí ó lágbára, yóò gbé e gba abẹ́ ìdí ọmọ, yóò sì so ó níwájú. Ìró ni ó ń bo ọmọ, ọ̀já ni ó ń ru ọmọ. Ọmọ tuntun ni à ń bò dé ọrùn. Èyí tí ó ti ń tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò yọ síta, yóò máa wo ayé láti èjìká ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá tí ó pọnmọ kò rí ojú ọmọ. Ta ni ó ń bá a rí i? Gbogbo ènìyàn ni. Bí abiyamọ bá ń kọjá ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí orí ọmọ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá aláta tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò pariwo pé, "Ìyá ọmọ, tún ọmọ rẹ pọ̀n o!" Bí kò bá gbọ́, ẹlòmíràn yóò dìde, yóò bá a gbé orí ọmọ náà sípò. Ibẹ̀ ni òwe wa ti wá, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ń fi òwe yìí ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ ìlú àti ti ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìyá ni ní ìpìlẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Ojú tí Chicago fi wo wa ní àtijọ́

Ní ọdún 1893, ìlú Chicago ṣe ìpàtẹ àgbáyé ńlá kan. Ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Midway Plaisance, wọ́n kọ́ abúlé kan tí wọ́n pè ní abúlé Dahomey, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin àti obìnrin láti ilẹ̀ àwọn ará Dahomey, aládùúgbò wa ní ìwọ̀ oòrùn, wá síbẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Abomey, ìyẹn ní oṣù kọkànlá ọdún 1892. Àwọn ará Chicago san owó láti wò wọ́n bí ẹni ń wo ohun àrà, ìwé ìròyìn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò wá sí ọkàn àwọn tí ń wò wọ́n pé ẹ̀kọ́ kan lè wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí nípa bí a ti ń tọ́ ọmọ.

Pápá Midway náà ṣì wà ní apá gúúsù ìlú wa títí di òní. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Yunifásítì Chicago wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1892. Níbẹ̀ ni John B. Watson ti gba oyè dókítà ní ọdún 1903 nínú ẹ̀kọ́ nípa ìwà àti ọkàn. Ní ọdún 1928, ọkùnrin yìí gbé ìwé kan jáde lórí títọ́ ọmọdé. Ó kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe máa gbá ọmọ mọ́ra, kí wọ́n má sì gbé e sórí itan. Ó ní bí ó bá di dandan, kí wọ́n fi ẹnu kò ó ní iwájú orí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ó bá fẹ́ lọ sùn, kí wọ́n sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní àárọ̀. Ṣáájú rẹ̀, dókítà Luther Emmett Holt ti kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1894, òun náà kò sì fẹ́ kí a máa gbé ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ọ̀mọ̀wé ń sọ nìyẹn: ọmọ tí a ń gbé yóò bàjẹ́. Inú bẹ́ẹ̀dì àti inú kẹ̀kẹ́ ọmọ ni àyè rẹ̀.

Àwọn obìnrin Chicago kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1956, ìyá méje kó ara wọn jọ ní Franklin Park, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú yìí, wọ́n dá ẹgbẹ́ La Leche League sílẹ̀ láti ran àwọn ìyá lọ́wọ́ kí wọ́n lè fún ọmọ lọ́mú. Nígbà náà, oúnjẹ inú ìgò ti gba ipò ọmú lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn ìyá Amẹ́ríkà. Ìyá ń kọ́ ìyá ní inú yàrá ara wọn ni àwọn méje náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tàn ká ayé báyìí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ó fi hàn pé nígbà tí ọ̀já máa fi dé, etí àwọn kan ti là níhìn-ín.

Láti Togo dé Ohio

Ní ọdún 1961 ni Ààrẹ Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀. Ní ọdún 1962, àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n rán lọ sí Togo dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Ann Moore, ọmọ àgbẹ̀ láti Ohio, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ọmọdé. Ohun tí ó rí ní Togo jọ ọ́ lójú: àwọn ìyá so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn lọ sí oko àti sí ọjà, ọmọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún. Nígbà tí ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, tí ó sì bí ọmọbìnrin, ó fẹ́ pọn ọmọ náà bí ó ti rí i lọ́hùn-ún. Ó mú aṣọ, ó so ó. Ọmọ ń yọ̀ wá sísàlẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ kò ṣẹ̀. Gbogbo ohun tí àwọn ìyá Togo ní ni obìnrin yìí ní: ó ní ẹ̀yìn, ó ní aṣọ, ó ní ọmọ. Ohun tí kò ní ni ìyá àgbà tí yóò dúró tì í, tí yóò sọ fún un pé, "Tẹ̀ síwájú sí i, fa ibẹ̀ yẹn le, ó ti dára." Nítorí náà, ó ké sí ìyá tirẹ̀ tí ó bí i, Lucy Aukerman, ní West Alexandria ní Ohio. Obìnrin náà mọ aṣọ rán. Wọ́n jọ rán àpò kan tí ó ní ihò ẹsẹ̀ àti okùn èjìká, kí okùn lè ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ kò mọ̀. Àwọn tí wọ́n rí i lójú ọ̀nà ń béèrè ibi tí wọ́n ti rà á, ìyá yìí àti àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí rán an tà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1969, ìjọba Amẹ́ríkà fún Ann Moore ní ìwé àṣẹ lórí irú àpò tí ó ṣe náà. Snugli ni wọ́n pè é. Ní ọdún 1985, òun àti ọkọ rẹ̀ ta iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ńlá kan.

Àwọn kan lára wa máa ń sọ pé wọ́n jí ọ̀já wa ni. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kò fi ibi tí ó ti rí i pamọ́; ó ń sọ ọ́ ní gbangba pé lọ́dọ̀ àwọn ìyá Áfíríkà ni. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lórí okùn àti ihò ẹsẹ̀, kò sí lórí ọ̀já, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ọ lẹ́kun pé kí o má pọn ọmọ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá kọjá olè jíjà.

Bí àtẹ náà ti kún

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní Jámánì, Erika Hoffmann bí ìbejì, ó sì ń gbé wọn nínú aṣọ gígùn tí ó wá láti Mexico. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń béèrè irú rẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ Didymos sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni ìbejì. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ gbọ́ ọ. Ní Hawaii, ní ọdún 1981, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rayner Garner fi òrùka méjì sí aṣọ èjìká kan, kí a má baà máa so kókó. Dókítà William Sears mú aṣọ olórùka yìí lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Ní Hawaii kan náà, ní ọdún 2003, ni ilé iṣẹ́ Ergobaby bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àpò tí ó gbé ìwúwo ọmọ lé ìbàdí.

Àwọn onímọ̀ náà wá yí ohùn padà. Ní ọdún 1986, àwọn dókítà méjì ní Montreal, Hunziker àti Barr, tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní kí àwọn ìyá kan fi kún iye ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹkún wọn fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a kò gbé bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà eegun náà ń sọ pé bí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń là gbá ìbàdí ìyá mú yìí, ó dára fún oríkèé itan ọmọ tí ń dàgbà. Ohun tí Watson fi ìwé bá wí ni àwọn onímọ̀ mìíràn wá ń fi ìwé yìn.

Ohun tí kò bá aṣọ wá

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ààbò ọjà, Consumer Product Safety Commission, kìlọ̀ fún gbogbo òbí nípa àwọn aṣọ àti àpò tí à ń gbé kọ́ èjìká. Wọ́n ní láàárín 20 ọdún, ó kéré tán ọmọ 14 ni ó ti kú nínú irú rẹ̀, 12 nínú wọn kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin. Nínú oṣù kan náà, ilé iṣẹ́ kan ní láti kó mílíọ̀nù kan irú àpò náà padà. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣẹlẹ̀. Aṣọ lè bo imú àti ẹnu ọmọ. Tàbí kí ọmọ ká kò sínú àpò, kí àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà, kí ọ̀nà èémí sì há. Kò ní ariwo. Láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni òfin ti wà pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ìdánwò kí wọ́n tó tà á.

Mo rò ó, mo sì tún un rò. Ní ilé, a ti ń pọnmọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò sì ní òfin kankan. Ojú ni òfin wa. Àgbà ọjà ni àjọ ìjọba wa. Òyìnbó ra ọ̀já, wọ́n sọ ọ́ di ọjà, ṣùgbọ́n àgbà kò sí nínú páálí tí wọ́n fi dì í. Ìyá kan á dá nìkan wà nínú ilé ní àkókò yìnyín, á ka ìwé kékeré tí ó bá aṣọ náà wá, á dá so ó, á dá jáde sí òpópónà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a sọ̀rọ̀. Bí orí ọmọ bá wọ́, ta ni yóò sọ fún un?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tí wọ́n jẹ físà láti ọdún 1995 wá, a ti ọ̀já bọ àpótí nítorí pé ojú ń tì wá láti pọnmọ wọ bọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni a tì. Àwọn ọmọbìnrin wa dàgbà, wọn kò rí wa kí a pọnmọ, wọ́n wá ń lọ ra ìbátan ọ̀já nílé ìtajà. Wọ́n dà bí Ann Moore: aṣọ wà, ọmọ wà, ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n.

A gbé wọn wò

Ní ilé wa, ọmọbìnrin mi yá mẹ́ta nínú àwọn ọjà yìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì fi ọ̀já ṣe ìkẹrin. Ọmọ-ọmọ mi tí ó pé ọdún méjì ni a fi dán wọn wò. Ó wúwo tó kílò 13, kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́.

Aṣọ olórùka ni ó yá jù láti gbé e sí àti láti sọ ọ́ kalẹ̀, èyí sì dára fún ọmọ tí ń sọ pé "gbé mi" tí kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí yóò ní "sọ̀ mí." Ṣùgbọ́n èjìká kan ṣoṣo ni ó ru gbogbo rẹ̀, nígbà tí a fi rin òpópónà méjì, èjìká ti ń roni. Aṣọ gígùn, tí ó lé ní mítà mẹ́rin, gbá ọmọ mú dáadáa, ìwúwo sì pín sí èjìká méjèèjì. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe so ó ní ìta ní oṣù kìíní. Etí rẹ̀ méjèèjì wọ inú yìnyín àti iyọ̀ ojú títì. Àpò onìkọ́ ni àna mi ọkùnrin fẹ́ràn jù. Ó há a mọ́ orí kóòtù, ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin L lọ láìsí wàhálà, ó sì mọ́gbọ́n dání, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ibùdó L ni ó ní ẹ̀rọ tí ń gbéni ròkè. Owó rẹ̀ ni ó pọ̀.

Ọ̀já ńkọ́? Kò fi ohunkóhun kọ́ èjìká, nígbà tí ọmọ sì sùn, ìró kan náà ni a tẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: lórí kóòtù òtútù tí ń dán, ìró ń yọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a pọ̀n ọ́n lé orí súwẹ́tà, a wá wọ kóòtù ńlá bo àwa méjèèjì, orí ọmọ wà níta. Bí ọmọ ọdún méjì bá sì na ara gbọnrangandan pé òun kò fẹ́, kò sí ọ̀já tí ó lè pọ̀n ọ́n. Kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó máa rìn.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí ọmọbìnrin mi dá so ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìwé wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ó ní, "Màmá, ẹ bá mi di ìdí rẹ̀ mú." Èyí tí ó wù ú ni kí abiyamọ lò. Ọwọ́ kejì yẹn ni kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí.

Ẹ jẹ́ kí àgbà padà sí ọjà

Àbá mi nìyí. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó bá ní ọ̀já mú un wá. Kí àwọn tí wọ́n ra ti òyìnbó mú tiwọn náà wá, kí ojú má sì ti ẹnikẹ́ni. Kí àwọn ìyá àgbà jókòó síwájú. Àpò ìrẹsì kékeré ni kí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà ọmọ gan-an, kí ẹni tí ń kọ́ ọ sì jókòó sí etí àga tìmùtìmù, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe sá jáde.

Kí a sì kọ́ ara wa ní ohun díẹ̀ wọ̀nyí. Imú àti ẹnu ọmọ gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́, ì báà jẹ́ nínú òtútù. Àgbọ̀n kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Kí orúnkún ọmọ wà ní ìbámu pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tàbí kí ó ga jù ú lọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tàbí tí òtútù mú, kí a bi dókítà rẹ̀ léèrè ná. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àga ọmọ ni òfin mọ̀, kò mọ ọ̀já. Láti ọdún 2019 ni òfin Illinois sì ti ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kọjú sẹ́yìn nínú àga náà, àyàfi tí ó bá tóbi kọjá ìwọ̀n tí òfin sọ.

Bí ẹ bá sì rí ọmọ Yorùbá kan lójú ọ̀nà tí orí ọmọ wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní Uptown tàbí ní apá gúúsù, ẹ má ṣe wò ó kọjá pé ìlú òyìnbó ni a wà. Ẹ kí i, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ ni ọjà wà.

Ọmọ wa kò ní bọ́ lẹ́yìn wa. Ẹ̀yìn àwọn tí ń wá ọmọ yóò gba ọmọ pọ̀n. Àwa tí a pọn wọ́n lónìí, wọn yóò sìn wá lọ́jọ́ alẹ́. Àṣẹ o.